Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìmójútó Òṣìṣẹ́ nínú Ìsopọ̀ Ọrọ̀-Ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Ohun tí a Gbọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìwé pélébé kan ni ó ṣe okùnfà àpilẹ̀kọ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ kan ní Bàrígà ni ó gbé e wá bá mi, ojú ewé mẹ́rin péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí n bá wọn fi Yorùbá kọ ọ́. Ohun tí ìwé náà dá lé ni ipa tí ìmójútó òṣìṣẹ́ ń kó nínú ìsopọ̀ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ṣàlàyé irú ẹ̀tọ́ tí ẹni tí ó ti Kútọnu tàbí Lomé wá ṣiṣẹ́ ní Èkó ní, irú èyí tí ọmọ Bàrígà ní bí ó bá kọjá sí ọ̀hún, àti bí ó ṣe yẹ kí ọ̀gá gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, kí ó kọ́ wọn níṣẹ́, kí ó sì fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Mo fi ọkàn sí i pé ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Oṣù mẹ́ta ni ó gbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọwọ́ mi kún. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó dá mi dúró, àwọn ni mo sì fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtúmọ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè Yorùbá ni kò lọ́rọ̀. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ẹnu ti wọlé fún àwọn tí ń sọ pé èdè yìí kò lè gbé ìmọ̀ òde-òní. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, kò kúrò lọ́wọ́ àwa olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn dojú kọ. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ìgbanisíṣẹ́, ìtẹ́wọ́gba ìwé-ẹ̀rí tàbí ẹ̀tọ́ àtiṣí ṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ onílẹ̀, yóò ní láti wá a lọ sí ibi tí iṣẹ́ wà. Ìdí nìyí tí mo fi rìn láti Onípáànù dé etí ọ̀sà ní Bàrígà, pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, 1975, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó níhìn-ín, wọ́n sì dá ECOWAS sílẹ̀. Cape Verde dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Mauritania ti kúrò láti 2000. Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò ní ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, 2025, ó wá ku méjìlá. Àdéhùn tí ó kan oníṣẹ́-ọwọ́ jù lọ ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1979. Ó pín ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ àjọ sí ìpele mẹ́ta, ó sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ọdún márùn-ún. Ìpele kìn-ín-ní ni àtiwọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà fún 90 ọjọ́. Èkejì ni àtigbé ibẹ̀ kí a sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àtidá iṣẹ́ ti ara ẹni sílẹ̀ níbẹ̀. Àdéhùn àfikún lórí ìpele kejì jáde ní 1986, ti ẹ̀kẹta sì jáde ní 1990. Èdè mẹ́ta ni àjọ náà ń fi ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Yorùbá kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ ọ́ ní mẹ́ta nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ́ kù, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ fa wàhálà ni èyí tí ó wà nínú àkọlé ìwé náà gan-an, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ènìyàn ní ohun tí ilé-iṣẹ́ ní, bí ó ti ní owó àti ẹ̀rọ. Àwọn olùtúmọ̀ kan ti ń pè é ní “ohun àmúṣọrọ̀ ènìyàn”. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtumọ̀ mi àkọ́kọ́, mo sì gbé e lọ sí Ṣómólú kí n kà á sétí àwọn tí yóò lò ó.

Ìtẹ̀wé ni a fi mọ Ṣómólú. Ẹni tí ó bá gba ojú òpópónà Bájúláyé, ìró ẹ̀rọ ni yóò máa bá a lọ. Ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, àwòrán olóṣèlú, ìwé ọmọ ilé-ìwé, páálí oògùn, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ Heidelberg tí wọ́n ti lò gbó ní Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn, tòkunbọ̀ tí ó ti di ọmọ ilẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ nípa iṣẹ́ kíyè sí ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ohun èlò. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà lè máà ní ẹ̀rọ kankan. Yóò gbé e fún ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀, yóò gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe àwo ìtẹ̀wé, láti ibẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ká ìwé, tí ń gé e, tí ń dì í. Ènìyàn mẹ́wàá lè ti fọwọ́ kan ìwé kan, kí ẹnì kankan nínú wọn máà jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹnì kejì.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ká ìwé ni mo jókòó sí. Mo ka àkọlé náà. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń fi egungun pẹlẹbẹ tẹ ìwé mọ́lẹ̀ gbójú sókè, ó ní: “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé èèyàn ni wọ́n fẹ́ fi ṣowó ni?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Àmúṣọrọ̀ jẹ́ àkànpọ̀ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “à-” àti “mú”, “ṣe”, “ọrọ̀”, ìyẹn ohun tí a mú tí a fi ṣe ọrọ̀. Bí a bá ti fi ènìyàn tẹ̀ lé e, etí olùsọ èdè abínibí kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn ju pé a mú ènìyàn, a fi ṣe ọrọ̀. Ní ìlú tí ìbẹ̀rù àwọn afiniṣowó wà lọ́kàn tọmọdé tàgbà, ta ni yóò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ ilé rẹ̀? Ó sì tún burú ju èyí lọ nípa pé a pe ènìyàn ní ohun. Àwọn baba wa mọ ètò tí a fi ń fi ara ènìyàn dúró fún gbèsè. Síbẹ̀ wọn kò pe ẹni tí ń sìn nítorí owó ní ohun. Ìwọ̀fà ni wọ́n pè é, wọ́n sì mọ ibi tí òun àti ẹrú ti yàtọ̀. Ó yẹ kí ojú ti olùtúmọ̀ òde-òní bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá rẹ ènìyàn sílẹ̀ ju ti ìgbà ìwọ̀fà lọ.

Mo wá yí padà sí “òṣìṣẹ́”. Ìṣòro mìíràn yọjú. Nígbà tí mo bi àwọn ènìyàn ilé yẹn léèrè bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gé ìwé dáhùn pé, “Àwa kì í ṣe òṣìṣẹ́. A kì í gbowó oṣù.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà rí ní Èkó. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ ti súnkì, tí ó fi di pé ẹni tí ó ń wọ ọ́fíìsì, tí ó sì ń retí òpin oṣù, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Oníṣẹ́-ọwọ́ ni àwọn tí ó kù, tàbí alágbàṣe, tàbí ọmọṣẹ́ lágbájá. Ọmọṣẹ́ wù mí púpọ̀, nítorí pé ó kó ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n, tí ó ṣì ń bá ọ̀gá ṣe é, pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ọmọṣẹ́ láìsí ọ̀gá, ìmójútó tí ìwé náà sì ń sọ kan ọ̀gá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, bí yóò ṣe tọ́jú ara rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, kí a fi “ìmójútó òṣìṣẹ́” sílẹ̀ fún ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńlá, bí mo ti ṣe nínú àkọlé àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn oníṣẹ́-ọwọ́, kí a pè é ní “ìmójútó tọ̀gá-tọmọṣẹ́”. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní kí ọ̀rọ̀-ìperí jẹ́ ẹyọ kan fún èrò kan. Òfin dáradára ni fún kẹ́mísìrì. Níbi tí ohun tí a ń pè lórúkọ bá ti jẹ́ méjì, ẹyọ kan kò lè tó.

Lórí “ìmójútó”, n kò rò pé ó yẹ kí a jà. “Ìdarí” ń ránni létí ọ̀kọ̀ àti màlúù. “Ìṣàkóso” jẹ́ ti ìlú àti ti olóyè. Ẹni tí ó bá ń mójú tó nǹkan kò jìnnà sí i.

Ní Bàrígà ni mo ti rí ohun tí ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òbí ọmọ tàbí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ yóò bá ọ̀gá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ọmọ yóò sin ọ̀gá ní iye ọdún tí wọ́n fi ẹnu kò sí. Bí ọdún bá pé, ọjọ́ kan yóò wà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò péjọ, tí ọ̀gá yóò gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, tí yóò gbàdúrà fún un, tí wọn yóò sì jẹ, tí wọn yóò mu, tí wọn yóò ya fọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe ọjọ́ náà ní fíríìdọ̀mù. Àwọn àgbà ń sọ pé ọmọ gba òmìnira. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 1974 ní apá tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ojúlé tí mo wọ̀, kò sí ẹni tí ó rántí òfin náà. Òmìnira ni wọ́n mọ̀.

Mo bá ọkùnrin kan pàdé níbẹ̀ tí ó ń lẹ táìlì. Ọmọ Kétu ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dùn-ún gbọ́, ó sì yàtọ̀ sí tèmi díẹ̀. Nígbà tí mo bi í bí ó ṣe gba òmìnira, ó ní ní ilé àwọn, “libération” ni àwọn ń pe ọjọ́ náà, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é ní Tógò. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi: ọ̀gá, àwọn àgbà ẹgbẹ́, àdúrà, ìwé tí a fi lé ọmọ lọ́wọ́, aṣọ tuntun, oúnjẹ. Ohun kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kíyè sí i: Faransé ni èkíní, Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì, Yorùbá ni ẹ̀kẹta, èrò tí ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀ rárá. N kò tí ì rí àlàyé tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú wọn. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ti ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó rìn láti Èkó dé Lomé, nígbà tí àwa tí a wà ní yunifásítì ṣì ń wá èyí tí a ó fi túmọ̀ ìwé-ẹ̀rí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti wá ba ni nínú jẹ́. Ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ ní Kétu fún un wà nínú àpótí rẹ̀, ó fà á yọ, ó fi hàn mí. Fún ọdún púpọ̀ kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ ní Èkó. Ilẹ̀ tí ó bá lẹ̀ sẹ́yìn ni oníbàárà ń wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí ó mú ìwé tí ó fi yege ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ ti Nàìjíríà wá. Ìwé Faransé ọwọ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Wọ́n gbà á ṣá, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lébìrà, iye tí lébìrà ń gbà ni wọ́n sì ń san fún ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè àjọ náà fọwọ́ sí àdéhùn ní 2003 lórí ìtẹ́wọ́gba dígírì, dípúlómà àti ìwé-ẹ̀rí ara wọn. Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú gbé òfin kalẹ̀ ní 2005 tí ó fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba. Ìwé tí ọ̀gá onítáìlì kan bu ọwọ́ lù kí òfin yẹn tó jáde kò rí àyè dúró sí nínú méjèèjì. Nínú ìwé pélébé tí mo ń túmọ̀, gbólóhùn kan péré ni ó kan ọ̀ràn yìí, ó sì lọ́jú pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì débi pé mo ní láti kà á nígbà mẹ́rin. Mo kọ ọ́ báyìí: “Kí ìwé-òmìnira tí ọmọṣẹ́ gbà ní ìlú kan jẹ́ ìwé-òmìnira ní ìlú kejì.” Nígbà tí mo kà á fún ọkùnrin náà, ó ní kí n tún un kà.

Mo gba ọ̀rọ̀ “ìwé-òmìnira” wọlé láìsí iyè-méjì. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí kan náà ni ó tún mú mi padà sí ìpele kìn-ín-ní àdéhùn 1979. “Ìrìn ọ̀fẹ́” ni àwọn ìwé ìròyìn kan máa ń kọ, àwọn mìíràn a máa kọ “ìrìn fàlàlà”. Oníwẹ́dà kan, ọmọ Tógò, ni ó gbá èyí dànù. Ó ní bí ìrìn náà bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni ìdí tí òun fi ń sanwó lójú ọ̀nà káàkiri? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó bí àṣìṣe náà: ó dúró fún ohun tí a kò sanwó rẹ̀, ó sì tún dúró fún ẹni tí a kò dè mọ́lẹ̀. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́, àwa olùtúmọ̀ ni a tún dà wọ́n pọ̀. Kò sí ibi tí àdéhùn náà ti sọ pé ènìyàn kò ní sanwó ọkọ̀ tàbí owó ìwé ìrìnnà. Ohun tí ó sọ ni pé kí a má ṣe dí i lọ́nà. “Òmìnira àlọ-àbọ̀” ni mo kọ, nítorí pé ẹni tí ó lọ tí kò lè bọ̀ kò ní òmìnira. Ti ẹrù sì yàtọ̀ sí ti ènìyàn: nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ mọ́ ọjà ní oṣù Kẹjọ 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn títí di oṣù Kejìlá 2020, ọ̀ràn ẹrù ni wọ́n sọ pé ó jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kò mọ apá ibi tí òun wà.

Ìpele kejì àti ẹ̀kẹta ni ó fi ìyà jẹ mí jù. “Ẹ̀tọ́ ìgbélé” ni mo kọ́kọ́ kọ fún èkejì. Ọmọ mi ni ó kà á lórí tábìlì, tí ó sì bi mí bóyá kòrónà tún ti dé. Ní 2020, nígbà tí ìjọba ní kí onílé ó gbélé, ìgbélé di ọ̀rọ̀ tí a fi ń dé ènìyàn mọ́lé. Ó di dandan kí a fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ̀tọ́ ìfìdíkalẹ̀” ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Fún ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ fúnra wọn ń sọ ni pé lẹ́yìn òmìnira, ọmọ yóò dá dúró, ìyẹn ni pé yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó dára púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, “ẹ̀tọ́ ìdádúró”, ohun tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ni pé ọlọ́pàá ní ẹ̀tọ́ láti dá wọn dúró! Ìró ohùn kò sì lè gbà wá níbẹ̀, nítorí pé ohùn kan náà ni méjèèjì ní. Mo wá lo “ẹ̀tọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀”. Ó gùn, ó sì wúwo díẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò ní ti ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n.

Nípa “ẹkùn” àti “agbègbè”, n kò ní fi àkókò ṣòfò. Agbègbè ni Ṣómólú. Bí a bá tún pe ilẹ̀ láti Dakar dé Calabar ní agbègbè, ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹkùn ni kí a máa lò. “Ìdàpọ̀” kò sì dára fún ìsopọ̀ ọrọ̀-ajé, nítorí pé iyọ̀ tí ó dà pọ̀ mọ́ omi kò ṣeé rí mọ́, Gáànà kò sì ṣe tán láti di iyọ̀ nínú ọbẹ̀ wa.

Ó ku orúkọ tí a ó máa pe ẹni náà fúnra rẹ̀. Ìwé pélébé náà pè é ní ọmọ àjọ, ṣùgbọ́n àwọn òfin tí ó tọ́ka sí pè é ní àjèjì. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ìtàn náà kò sì dùn. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáànà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó kó ẹrù wálé, títí kan àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, 1983, ó yí padà: Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ní oṣù kan sí i. Iye tí a sábà máa ń dárúkọ jẹ́ bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Gáànà. Ní 1985 wọ́n tún lé àwọn mìíràn. Ọmọ ọwọ́ ni mo jẹ́ ní 1983. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, láti ẹnu ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ báàgì alámì onígun mẹ́rin tí a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. A sọ ìyà ọmọnìkejì di orúkọ ohun èlò, a sì ń gbé e lọ sọ́jà.

Nígbà tí ìkéde yẹn jáde, ọdún mẹ́ta péré ni ìpele kìn-ín-ní àdéhùn Dakar ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò lè ṣàlàyé pé 90 ọjọ́ ni àdéhùn náà fún àlejò, àti pé ó fi àyè sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti kọ ẹni tí òfin rẹ̀ kò gbà. Kò burú. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe lọ́kàn ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Àjèjì ni ẹni tí a kò mọ̀. Àtọ̀húnrìnwá sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀. Àlejò dára, ṣùgbọ́n àlejò yóò lọ lọ́la. Ní Àgànyìn, orúkọ tí Èkó fi ń pe àwọn tí ó ti ìhà Gáànà àti Tógò wá, ìtumọ̀ ti di ti ẹ̀wà báyìí. Ọ̀rọ̀ tí mo rí gbà ní Bàrígà ni “alájọgbé”. Ilé olójúlé púpọ̀ ni ó ti wá, níbi tí àwọn tí a kò bí pọ̀ ti ń pín ọ̀nà kan, kànga kan àti ilé ìdáná kan. Alájọgbé kì í ṣe onílé, kì í sì í ṣe àlejò. Ó ń san owó ilé tirẹ̀, ó sì ní ẹnu nínú ọ̀ràn ilé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ ẹ ní àkọ́kọ́. Ó ní ọmọ Nàìjíríà yóò bínú bí a bá pe òun àti ọmọ Tógò ní alájọgbé. Mo bi í pé ta ni onílé nínú ilé náà nígbà náà? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ kí àwọn olùtúmọ̀ fi sọ́kàn. Bí a bá ń yá ọ̀rọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, a ń kọ̀wé fún apá kan àwọn Yorùbá ni. Fíríìdọ̀mù kò ní ìtumọ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, bí “libération” kò ti ní ìtumọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Láti 1975, tí í ṣe ọdún tí a bí ECOWAS gan-an, Bẹ̀nẹ̀ ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè ilẹ̀ rẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n sì ń kọ níbi tí àwa ti ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Lẹ́tà lè yàtọ̀. Òmìnira, ọmọṣẹ́ àti alájọgbé yóò yé ẹni tí ó bá kà wọ́n síta ní ìhà méjèèjì. Ní Ẹ̀jìgbò, tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Abidjan, Faransé kì í ṣe àjèjì ní ọjà, síbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ń dúnàádúrà bí wọ́n bá délé.

Nígbà tí ìwé náà dé ilé ìtẹ̀wé, wọ́n tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ láìsí àmì ohùn kankan, bẹ́ẹ̀ ni àmì abẹ́ lẹ́tà pàápàá ti lọ. Àkọlé orí kejì di “Eto Ise”, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ètò iṣẹ́ ni, tàbí ètò ìṣẹ́, tàbí ètò ìṣe. Ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ náà, ọmọdébìnrin tí ó gba òmìnira ní ọdún tí ó kọjá, ní kọ̀ǹpútà òun kò ní àwọn àmì náà. A jókòó tì í fún ọ̀sán kan, a wá ọ̀nà àtifi wọ́n sí i, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Ó ti wá ń gba iṣẹ́ Yorùbá láti ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì báyìí nítorí pé ó mọ àmì ohùn í fi sí i.

Ẹ̀dà ìwé náà dé Àgọ́ Ègùn ní etí ọ̀sà Bàrígà pẹ̀lú, láàárín àwọn apẹja tí èdè wọn wà ní Badagry àti ní Àjàṣẹ́ bákan náà. Àgbàlagbà kan níbẹ̀ gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ó ní “ẹnubodè” kò yé òun dáadáa, nítorí pé orí omi ni àwọn ń gbà. N kò tí ì rí ọ̀rọ̀ tí ó dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ó ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní in, kí ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.